Ẹ má lo Cut: ohun tí ojú mi rí nígbà tí mo ń kó fáìlì láti inú kọ̀ǹpútà kan sí òmíràn

Ẹ béèrè bí ẹ ṣe lè kó nǹkan bí 200 GB fọ́tò àti fídíò ìdílé yín láti inú kọ̀ǹpútà alágbèéká àtijọ́ tó ń lo Windows 10 sínú tuntun tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rà, ẹ sì fẹ́ mọ̀ bóyá Wi-Fi ilé yín yóò jẹ dátà yín tán. Èmi náà ṣe irú rẹ̀ ní ọdún 2021, ohun tí mo sì pàdánù níbẹ̀ kò ṣeé fi owó rà padà. Nítorí náà, mo bẹ̀ yín, ẹ fara balẹ̀ ka èyí kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun.

Fọ́tò ìsìnkú màmá mi, fọ́tò ìgbéyàwó àbúrò mi obìnrin, àti fídíò tí bàbá mi ti ń sọ ìtàn ìdílé wa, inú kọ̀ǹpútà kan tí bátìrì rẹ̀ ti kú ni gbogbo wọn wà. Mo lọ sí ọjà, mo ra fíláàṣì kékeré kan tí wọ́n kọ 2 TB (nǹkan bí 2,000 GB) sí lára. Iye tí wọ́n tà á kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá owó hard disk tó tóbi tó bẹ́ẹ̀, ó sì yẹ kí ìyẹn nìkan ti ta mí lólobó. Mo yan gbogbo fódà náà, mo tẹ Cut, èyí tó máa ń pa fáìlì rẹ́ ní ibi tó wà tẹ́lẹ̀ lẹ́yìn tó bá ti kó o lọ, mo tẹ Paste sórí fíláàṣì, mo sì jókòó tì í láti ìrọ̀lẹ́ títí ilẹ̀ fi mọ́. Nígbà tí ó parí, orúkọ gbogbo fáìlì pé síbẹ̀, ìwọ̀n wọn náà sì pé. Àwọn tó kọ́kọ́ wọlé ṣí dáadáa. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé orí fọ́tò ìsìnkú, ọ̀kan ṣí ìdajì: gèlè aláró tí àwọn ẹ̀gbọ́n màmá mi wé hàn lókè, láti iwájú orí wọn dé ẹsẹ̀ sì jẹ́ àwọ̀ eérú lásán. Láti orí èyí lọ, kò sí ẹyọ kan tó ṣí mọ́.

Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Àwọn oníjìbìtì máa ń mú fíláàṣì tí àyè inú rẹ̀ kò ju 32 GB tàbí 64 GB lọ, wọn a sì yí ètò inú rẹ̀ padà kí ó lè máa purọ́ fún kọ̀ǹpútà pé 2 TB ni òun. Kọ̀ǹpútà á gbà á gbọ́, á máa to orúkọ fáìlì lọ, nígbà tí ohun tó wà nínú àwọn fáìlì náà ti ń dà nù láti ìgbà tí àyè tòótọ́ ti kún. Bí ó bá jẹ́ pé fíláàṣì ni ẹ fẹ́ lò, ẹ kọ́kọ́ fi ètò ọ̀fẹ́ tó ń jẹ́ H2testw yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí ó máa ń kọ nǹkan kún un tẹ́nutẹ́nu, á sì tún kà á padà láti mọ̀ bóyá ó pé. Ẹ tún wò ó bóyá FAT32, ọ̀kan lára àwọn ọ̀nà tí a fi ń to àyè inú fíláàṣì, ni wọ́n fi ṣètò rẹ̀, nítorí FAT32 kì í gba fáìlì kan ṣoṣo tó bá tó 4 GB, fídíò ìgbéyàwó sì lè ju bẹ́ẹ̀ lọ. exFAT, ọ̀nà mìíràn tó ń gba fáìlì ńlá, ni kí ẹ yí i sí.

Síbẹ̀, ibi tó dùn mí jù kọ́ nìyẹn. Bí a bá pa fáìlì rẹ́ lórí hard disk àtijọ́, ohun tó wà nínú rẹ̀ ṣì máa ń wà níbẹ̀ títí ohun mìíràn yóò fi gba àyè rẹ̀, èyí tó túmọ̀ sí pé fọ́tò màmá mi ṣì ṣeé yọ ní ọjọ́ náà. Mo gbé kọ̀ǹpútà náà lọ bá ẹnì kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, tí ìwé ẹ̀rí rẹ̀ wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù. Mo ṣàlàyé fún un pé fáìlì ni mo ń wá. Kò bi mí ní ìbéèrè kankan, ó ní kí n padà wá ní ọjọ́ kẹta. Nígbà tí mo dé, ó ti pa gbogbo disk náà rẹ́, ó ti fi Windows mìíràn sí i, ó sì ń fi hàn mí bí kọ̀ǹpútà náà ṣe ń yára ṣí. Inú ṣì ń bí mi títí di òní. Ẹ má ṣe gbé kọ̀ǹpútà tí fáìlì yín ti sọnù nínú rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tí kò bá kọ́kọ́ sọ fún yín ohun tó fẹ́ ṣe sí i.

Nígbà tó kan kọ̀ǹpútà ìyàwó mi, lẹ́yìn tí Microsoft dáwọ́ àtìlẹ́yìn fún Windows 10 dúró ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025, wáyà ni mo lò. Mo fi wáyà LAN (wáyà tó ń so kọ̀ǹpútà pọ̀) méjì so kọ̀ǹpútà méjèèjì mọ́ ihò ẹ̀yìn router wa, ẹ̀rọ tó ń pín Wi-Fi nínú ilé, mo yí network méjèèjì sí Private kí wọ́n lè rí ara wọn, mo ṣe Share fódà náà lórí ti àtijọ́, mo sì wọlé sí i láti orí tuntun. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi ni pé PIN tí a fi ń ṣí kọ̀ǹpútà kì í ṣiṣẹ́ níbi tí tuntun bá ti ń béèrè àṣẹ lọ́wọ́ àtijọ́. Ọ̀rọ̀ aṣínà àkáǹtì náà gan-an ló ń gbà. Wákàtí mẹ́ta ni mo fi bá èyí jà. Ẹni tí mo pè níbi tí a ti ra kọ̀ǹpútà tuntun ní kí n ra àyè sórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí n gbé gbogbo rẹ̀ lọ síbẹ̀, kí n sì tún gbé e padà, bí ẹni pé ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń fún wa ní dátà. Fáìlì tó bá lọ láti kọ̀ǹpútà kan sí èkejì nínú ilé kan náà, ìbáà gba Wi-Fi, ìbáà gba wáyà, kì í jáde sórí íntánẹ́ẹ̀tì, kò sì ní jẹ dátà yín rárá. Wáyà kàn máa ń yára jù, kì í sì í já lójijì.

Nítorí iná tó lè lọ nígbàkigbà, robocopy, àṣẹ ìdàkọ fáìlì tó wà nínú Windows, ni mo fi dà wọ́n kọ, pẹ̀lú /E (kí ó kó gbogbo fódà tó wà nínú fódà náà) àti /Z (kí ó lè máa bá fáìlì lọ níbi tó bá ti já). Iná lọ lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tó dé, mo tún àṣẹ kan náà pa, ó fo àwọn tó ti kó tẹ́lẹ̀, ó sì ń bá èyí tó kù lọ. Ẹ má fi /MIR kún un, nítorí ó máa ń pa ohunkóhun tí kò bá sí ní ibi tí ẹ ti ń kó o rẹ́ ní ibi tí ẹ ń kó o lọ. Ẹ rí i dájú pé kọ̀ǹpútà méjèèjì kò ní sùn lójú ọ̀nà. Bí ẹ bá sì rí àmì ìkùukùu OneDrive, àyè ìfáìlìpamọ́ Microsoft lórí íntánẹ́ẹ̀tì, lára fáìlì, kò sí nínú disk yín. Ẹ kọ́kọ́ gbà á wálẹ̀, èyí nìkan ni yóò jẹ dátà.

Nígbà tí ẹ bá parí, ẹ má wo iye fáìlì nìkan, nítorí iye tèmi pé. Ẹ ṣí fọ́tò láti inú fódà kọ̀ọ̀kan, ẹ fa fídíò dé àárín àti dé òpin, kí ẹ sì fi ti àtijọ́ sílẹ̀ bó ṣe wà. Ti ìyàwó mi ṣì wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù wa, a kò tíì pa fáìlì kan rẹ́ nínú rẹ̀.