Ta Ló Ni Belfast?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá Tíṣà. Nọ́ọ̀sì ni ọmọ mi obìnrin ní Belfast, olú ìlú Àríwá Írẹ́lándì. Ó fi fídíò ògiri kan ránṣẹ́ sí mi tó ga ju òrùlé ilé lọ. Géètì wà lára rẹ̀, wọ́n máa ń tì í lálẹ́. Ó ní àwọn tó wà níhìn-ín ní ọmọ Írẹ́lándì làwọn, àwọn tó wà lọ́hùn-ún ní ọmọ Ìlú Ọba làwọn. Ta ló ni ilẹ̀ náà gan-an? Ṣé ogun wọn ò tún ní bẹ́ sílẹ̀? — Ìyá Nọ́ọ̀sì, Ìtòkú, Abẹ́òkúta.

ÌDÁHÙN: Ìyá Nọ́ọ̀sì, ẹ kú àárò ọmọ. Ẹ rán mi létí sísítà kan, ọmọ Írẹ́lándì, tó kọ́ wa ní jọ́gíráfì nígbà tí mo wà ní girama níbí. Ọmọ kíláàsì wa kan pè é ní Gẹ̀ẹ́sì. Kò bínú. Ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó ya erékùṣù wọn sójú pátákó, ó wá fi ìka nu igun kan lápá òkè. Ó ní káúǹtì mẹ́sàn-án ló wà ní Ulster, apá àríwá erékùṣù náà, mẹ́fà ni wọ́n gé sọ́dọ̀ Ìlú Ọba lọ́dún 1921, tí wọ́n ń pè ní Àríwá Írẹ́lándì, torí pé nínú mẹ́fà yẹn, àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì, tí ọ̀pọ̀ wọn fẹ́ Ìlú Ọba, pọ̀ ju ọmọ ìjọ Àgùdà, tí ọ̀pọ̀ wọn fẹ́ Írẹ́lándì, lọ. Ìka rẹ̀ funfun báláú títí agogo fi lù.

Ti àwọn ará òdìkejì, èmi fúnra mi ni mo kà á nígbà tó yá. Láti nǹkan bí 1609 ni ọba Gẹ̀ẹ́sì ti ń kó ará Scotland àti England lọ tẹ̀dó sí Ulster, lórí ilẹ̀ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ onílẹ̀. Ìrẹ́jẹ ni, n kò ní pè é ní nǹkan mìíràn. Àmọ́ ẹni tí ìran rẹ̀ ti ń sin òkú síbẹ̀ fún irínwó ọdún, ibo la fẹ́ kó padà sí? Ìjà ìhà méjèèjì bẹ́ sílẹ̀ ní ìparí ọdún 1960 sí 1969, láàárín nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún, ó ju 3,500 ènìyàn tó kú. Ní ìlú Derry, tí àwọn tó fẹ́ Ìlú Ọba ń pè ní Londonderry, sójà Ìlú Ọba yìnbọn pa èèyàn 13 lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ọjọ́ 30 oṣù Kìíní, 1972, níbi tí wọ́n ti ń wọ́de. Ọdún 2010 ni David Cameron, olórí ìjọba Ìlú Ọba nígbà náà, ṣẹ̀ṣẹ̀ tọrọ àforíjì. IRA, ẹgbẹ́ ológun abẹ́lẹ̀ tó ní òun ń jà fún Írẹ́lándì, ló sì pa èèyàn jù nínú gbogbo wọn.

Àdéhùn ọjọ́ 10 oṣù Kẹrin, 1998, ló dá a dúró. Wọn kò dá ẹjọ́ ilẹ̀. Wọ́n ní bí ọ̀pọ̀ ará ibẹ̀ bá ṣì fẹ́ Ìlú Ọba, ibẹ̀ ni wọn yóò wà. Ọjọ́ tí wọ́n bá dìbò fún Írẹ́lándì, Ìlú Ọba á yọ̀ǹda wọn. Kó tó dìgbà náà, ẹni tí wọ́n bí síbẹ̀ lè jẹ́ ọ̀kan, ó lè jẹ́ méjèèjì. Írẹ́lándì yọ ọ̀rọ̀ pé gbogbo erékùṣù jẹ́ tòun kúrò nínú òfin ilẹ̀ rẹ̀. Ẹ ò mọ bí ìyẹn ti wúwo tó. Níhìn-ín, Aké, Òkè-Ọnà, Gbágùrá àti Òwu jọ ń gbé lábẹ́ Olúmọ, oníkálukú pẹ̀lú ọba rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwa jọ sá wá ni, a kò gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ara wa bíi tiwọn.

N kò gbà pé ogun àtijọ́ á padà. IRA ti kó ìbọn sílẹ̀ lọ́dún 2005. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni ìdìbò tó bá dé. Nínú ìkànìyàn 2021, àwọn tó wá láti ìdílé Àgùdà jẹ́ 45.7 nínú 100, ti Pùròtẹ́sítáǹtì 43.5. Bí ẹgbẹ́ kan bá fi ìbò díẹ̀ borí láìsọ ipò tí ẹni tó pàdánù yóò wà, ògiri yẹn á tún ga sí i.

Bí wọ́n bá bi ọmọ yín pé apá wo ló wà, kó ní aláìsàn lòun wá tọ́jú. Ní ọjọ́ 12 oṣù Keje, àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì máa ń fi ìlù àti fèrè yan kiri nítorí ogun 1690 tí ọba Pùròtẹ́sítáǹtì ti ṣẹ́gun ọba Àgùdà. Kó béèrè ọ̀nà tí bọ́ọ̀sì yóò gbà lọ́jọ́ náà kó tó jáde nílé.