Irú sísọ́ọ̀sì wo ni kí n fi gé irun ológbò mi tó ta kókó?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Ọmọ mi tó lọ sókè òkun fi ológbò Persian rẹ̀, irú tí irun rẹ̀ máa ń gùn, sílẹ̀ fún mi ní Ṣàgámù. Mo ti ra búrọ́ọ̀ṣì méjì, òkè irun nìkan ni wọ́n ń mú dán. Abẹ́ apá rẹ̀ àti ẹ̀yìn etí ti ta kókó. Aládùúgbò mi ní kí n kọ́kọ́ wẹ̀ ẹ́ kí irun náà lè rọ̀, kí n wá fi sísọ́ọ̀sì gé èyí tó bá kù. Irú sísọ́ọ̀sì wo ni kí n rà?

ÌDÁHÙN: Ẹ má ra ìkankan, Mà. A máa dé orí ohun tó yẹ kẹ́ ẹ rà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ sísọ́ọ̀sì yìí ti sú mi. Láti Ìjẹ̀bú-Òde títí dé Ìkẹ́nnẹ́, ohun kan náà ni wọ́n ń bi mí, ẹ̀yìn tí wọ́n bá sì ti gé e tán ni wọ́n sábà máa ń bèèrè.

Awọ ológbò kò dà bí awọ ewúrẹ́. Ó fẹ́lẹ́, kò sì lẹ̀ mọ́ ẹran ara rẹ̀ pinpin. Ẹ fi ìka méjì fa ti ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ sókè díẹ̀, ẹ ó rí ohun tí mò ń sọ. Bí irun bá ta kókó, tí kókó náà sì ń fún lójoojúmọ́, ṣe ló máa ń fa awọ sókè wọnú ara rẹ̀. Lójú tiyín, ìdí irun lẹ̀ ń wò. Awọ ni! Sísọ́ọ̀sì kò mọ ìyàtọ̀, ẹ̀yin náà kò sì lè rí i lábẹ́ irun gígùn. Kí ológbò wá ta pọ́ún lásìkò tí ẹnu sísọ́ọ̀sì ń pàdé, ó parí. Abẹ́ apá ló burú jù, torí gbogbo ẹsẹ̀ tó bá gbé ló ń fa ojú ọgbẹ́ náà yà sí i. Mo ti rán ọgbẹ́ tó gùn tó ìka mi, tí ẹni tó ni ológbò ń búra níwájú mi pé irun lásán lòun gé. Nígbà mìíràn ẹ̀jẹ̀ kì í pọ̀. Irun á bo ojú rẹ̀, ó dìgbà tó bá ń rùn, tí eṣinṣin ti yé sí i, kí ará ilé tó mọ̀.

Àwọn kan á ní èyí tí ẹnu rẹ̀ rí róbótó làwọn lò, irú tí wọ́n fi ń gé èékánná ọmọ tuntun. Ṣóńṣó ẹnu rẹ̀ kọ́ ló ń gé awọ, ojú abẹ méjèèjì tó ń pàdé ni. Àwọn míì á ní àwọn ti òòyà bọ abẹ́ kókó náà ná. Ṣé ẹ rí i, bí òòyà bá lè gba àárín kókó àti awọ kọjá, a jẹ́ pé kókó yẹn ṣì ṣeé tú. Kí lẹ wá ń gé e fún?

Ti ìwẹ̀, aládùúgbò yín ṣì yín lọ́nà. Kókó tó bá mu omi máa ń le sí i nígbà tó bá gbẹ. Ẹ ya irun náà tán kẹ́ ẹ tó wẹ̀ ẹ́. Ẹ má da Dettol tàbí Izal sómi náà o, ẹ má sì fi kẹrosíìnì pa á lára. Ẹ̀dọ̀ ológbò kò lè fọ́ irú kẹ́míkà bẹ́ẹ̀ dáadáa, ahọ́n ni yóò sì fi lá gbogbo rẹ̀.

Ó wá ku ohun tẹ́ ẹ máa rà. Irun méjì ló wà lára Persian: ti òkè tó gùn, àti ti inú tó rọ̀ bí òwú. Ti inú ló ń já tí kò ríbi jáde, òun ló ń so mọ́ra. Búrọ́ọ̀ṣì yín kò débẹ̀. Òòyà irin ni kẹ́ ẹ rà, èyí tí eyín apá kan rẹ̀ jìnnà síra tí ti apá kejì sún mọ́ra, tí orí eyín náà kò sì mú. Ìlarun onígi ti ọjà Òkè-Àjẹ kò lè ṣe é, eyín rẹ̀ ti nípọn jù. Ọ̀dọ́kùnrin kan tilẹ̀ gbé búrọ́ọ̀ṣì tí wọ́n fi ń tọ́jú ẹṣin Ojúde Ọba wá fún mi wò. Apá rẹ̀ tí ológbò ti ha yánnayànna ni mo kọ́kọ́ tọ́jú. Òòyà tí wọ́n ṣe fún ajá kò burú ní tirẹ̀. Oògùn eégbọn ajá ni kẹ́ ẹ má fi kàn án, torí permethrin tó wà nínú ọ̀pọ̀ wọn lè pa ológbò. Bówó bá kù, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin wẹ́wẹ́ tó tẹ̀ lẹ́nu kún un. Ẹ kọ́kọ́ fi í ra inú apá yín, bó bá ta yín, ó ta òun náà. Èyí tó ní abẹ, tí wọ́n ń polówó pé ó ń fa irun inú jáde, ẹ fi sílẹ̀ fẹ́ni tó mọ̀ ọ́n lò.

Ẹ fi ìka di ìdí kókó mú, kó lè jẹ́ ọwọ́ yín ni òòyà ń fà. Ẹ wọ́n kọ́ọ̀nfiláwà díẹ̀ sí i, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ṣóńṣó irun, kẹ́ ẹ máa sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìṣẹ́jú márùn-ún ti tó lẹ́ẹ̀kan. Bó bá ti ń ju ìrù, tó pa etí dé, ẹ fi í sílẹ̀.

N kò tíì fojú rí ológbò yín, torí náà èyí tó bá ti lẹ̀ mọ́ awọ, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ gbé e lọ bá dókítà ẹran, yóò fi kílípà fá a. Ó sì lè nílò abẹ́rẹ́ oorun, ìyẹn lẹ́yìn tó bá ti yẹ ara rẹ̀ wò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi àpò gbé e. Ohun kan ṣì kù tẹ́ ẹ kò sọ fún mi: ọmọ ọdún mélòó ni? Ṣé ó ti ń lá ara rẹ̀ dáadáa tẹ́lẹ̀, tó wá ṣíwọ́ lójijì? Eyín tàbí oríkèé lè máa dùn ún. Ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi, kẹ́ ẹ sì sọ bó ṣe ń jẹun sí.