Wọn Ò Dárúkọ Mi Níbi Ìdúpẹ́

*Màmá, ẹ kú iṣẹ́. Ọdún 11 ni mo fi kọ́ àwọn ọmọdé ní ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi ní ìjọ wa. Níbi ìdúpẹ́ ọdún tó kọjá, wọ́n pe àwọn òṣìṣẹ́ jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn ò dárúkọ mi. Ẹni tí kò tíì lo ọdún kan lẹ́nu iṣẹ́ ni wọ́n fún lẹ́bùn. Láti ọjọ́ náà, mi ò lọ sí kíláàsì mọ́. Mo ń rò ó pé bóyá Ọlọ́run ló ń sọ pé kí n lọ dá iṣẹ́ òjíṣẹ́ tèmi sílẹ̀. Ọkọ mi ní ìgbéraga lásán ni. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà rí mi, ó ní, "Áńtí, ìgbà wo lẹ máa parí ìtàn Jósẹ́fù fún wa?" Inú ẹ̀wọ̀n la bá a dé. Mo sunkún délé. Ṣé ìgbéraga ni lóòótọ́? — Áńtí Olùkọ́*

Àbúrò mi, jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbà ọ́ lọ́wọ́ ọkọ rẹ díẹ̀. Kí nǹkan dun ènìyàn kò tíì di ìgbéraga. Adẹ́tẹ̀ 10 ni Jésù wò sàn, ẹnì kan ṣoṣo ló padà wá dúpẹ́, Olúwa sì béèrè pé àwọn 9 yòókù dà. Pọ́ọ̀lù náà kò fi orúkọ ènìyàn ṣeré. Ka Róòmù orí 16, wàá rí i pé ó lé ní 20 ènìyàn tó dárúkọ, ó sì sọ ohun tí púpọ̀ nínú wọn ṣe. Kódà Tertiu tó ń bá a kọ lẹ́tà náà ráyè fi gbólóhùn kan kí ìjọ. Àwọn tó gbàgbé rẹ kò ṣe dáadáa, mi ò sì ní bá wọn bò ó.

Ṣùgbọ́n ibi tí mo ti dúró nínú lẹ́tà rẹ, tí mo tún un kà, ni ibi tí o ti ní Ọlọ́run lè máa pè ọ́ sí iṣẹ́ tìrẹ. Ìpè yẹn, ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀? Ṣé ó ti wà lọ́kàn rẹ ṣáájú ìdúpẹ́, àbí ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ló dé? Bó bá jẹ́ pé ìbínú ló bí i, má fi orúkọ Ọlọ́run sọ ọ́. Mo mọ ohun tí mò ń wí. Èmi náà ti fi ẹgbẹ́ akọrin kan sílẹ̀ rí, mo ní Ẹ̀mí ló darí mi, bẹ́ẹ̀ orin tí wọ́n gbà lẹ́nu mi fún ẹlòmíràn ló darí mi! Ìpè tó bá jẹ́ òtítọ́ yóò ṣì wà níbẹ̀ nígbà tí inú rẹ bá rọ̀.

Ọ̀pọ̀ wa rò pé ìrẹ̀lẹ̀ ni kí ènìyàn máa sọ pé "èmi kò já mọ́ nǹkan kan", kó sì máa dẹtí kí ẹlòmíràn lè ní "rárá o, ẹ já mọ́ nǹkan." Fara balẹ̀ ka Jòhánù 13. Kí Jésù tó sán aṣọ ìnura mọ́ ìdí, kó tó bu omi sínú bàsíà, Jòhánù kọ́kọ́ sọ fún wa ní ẹsẹ 3 pé Jésù mọ̀ pé Baba ti fi ohun gbogbo lé òun lọ́wọ́, ó mọ ibi tí òun ti wá, ó sì mọ ibi tí òun ń lọ. Ìgbà náà ló tó dìde nídìí oúnjẹ. Ẹni tó mọ ara rẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kò sí ohun tí ẹsẹ̀ eléruku lè bù kúrò lára rẹ̀. Ta sì ni ì bá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn? Pétérù ń bá a jiyàn. Ọ̀rọ̀ bí yóò ṣe dà á ló wà lọ́kàn Júdásì. Ó wẹ ẹsẹ̀ àwọn méjèèjì.

Ìdí nìyí tí mi ò fi ní dá ọ lóhùn bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ohun tí mo fẹ́ kí o bi ara rẹ ni pé, lọ́jọ́ tí wọn ò pè ọ́, ta lo rò pé o jẹ́? Bó bá jẹ́ orúkọ tí wọ́n ń pè níbi ìdúpẹ́ ló ń sọ ọ́ di olùkọ́, a jẹ́ pé ọwọ́ ẹni tó mú ìwé orúkọ dání ni ọdún 11 rẹ wà. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ọmọ tó dá ọ dúró yẹn kò mọ̀ pé wọ́n pín ẹ̀bùn.

Lọ bá pásítọ̀ rẹ, ìwọ àti òun nìkan, bí Mátíù 18 ṣe wí. Má fi àtẹ̀jíṣẹ́ rán an, má sì rán ọkọ rẹ. Sọ fún un pé, "Sà, ó dùn mí pé ẹ ò rántí mi níbi ìdúpẹ́. Ẹ̀bùn kọ́ ni mo bá wá, mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ̀." Kí o dákẹ́ níbẹ̀. Má tò ó lẹ́sẹẹsẹ. Ẹni tó gba ẹ̀bùn kò ṣẹ̀ ọ́, kí i dáadáa.

Ó ku Jósẹ́fù. O rántí pé òun náà bẹ agbọ́tí Fáráò pé kó rántí òun, agbọ́tí sì gbàgbé rẹ̀ fún ọdún 2 gbáko. Bíbélì kò bá a wí pé ó béèrè. Nígbà tí wọ́n wá pè é níkẹyìn, kò fẹjọ́ agbọ́tí sun Fáráò. Ó ní kì í ṣe òun, Ọlọ́run ni yóò dáhùn. Àwọn ọmọ rẹ kò tíì gbọ́ apá yìí. Lójú tiwọn, Jósẹ́fù ṣì wà lẹ́wọ̀n láti ọdún tó kọjá. Lọ yọ ọ́ jáde lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀.