Kí àbúrò yín tó tún gba abẹ́rẹ́ ibà jẹ̀funjẹ̀fun mìíràn

Ẹ̀yin arábìnrin wa, ẹ kú ìtọ́jú àbúrò yín. Mo ka ohun tí ẹ kọ, pé láti ìgbà tí inú ti ń run ún ní apá ọ̀tún nísàlẹ̀ ìdodo ni wọ́n ti ń tọ́jú ibà jẹ̀funjẹ̀fun (táífọ́ọ̀dù), pé ó ń rù, pé òógùn ń bò ó lóru, àti pé dókítà kan ní kò lè jẹ́ ikọ́ ẹ̀gbẹ nítorí pé àwòrán àyà rẹ̀ mọ́. Ẹ wá béèrè bóyá ó yẹ kí ẹ náwó sórí àyẹ̀wò tí wọ́n ń fi kámẹ́rà wo ìfun. Irú àìsàn yìí gan-an, tí ó padà já sí ikọ́ ẹ̀gbẹ inú ìfun, ni ó dá mi dùbúlẹ̀ ní Ìbàdàn, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ ohun tí ojú mi rí.

Ẹ kọ́kọ́ mú ìwé àyẹ̀wò tí ó wà lọ́wọ́ yín. Widal ni wọ́n ṣe fún un, àyẹ̀wò tí Fernand Widal, dókítà ọmọ ilẹ̀ Faransé, gbé jáde ní 1896. Àyẹ̀wò yìí kì í wá kòkòrò náà fúnra rẹ̀. Àwọn ọmọ ogun tí ara kó jọ láti bá kòkòrò jà ni ó ń wá. Àwọn ọmọ ogun yìí sì lè wà nínú ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ó ti ṣe ibà náà rí, ẹni tí ó gba abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀, tàbí ẹni tí ibà tí ẹ̀fọn ń fà ń dà láàmú. Ní ilẹ̀ wa tí kòkòrò náà ti wọ́pọ̀, iye bíi 1/80 tàbí 1/160, tí ó ń fi bí àwọn ọmọ ogun náà ṣe pọ̀ tó hàn, lórí ìwé kan ṣoṣo kò fi ohunkóhun múlẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ lò ó bí ó ti yẹ gbọ́dọ̀ gba ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì síra wọn, kí ó wò ó bóyá iye náà ti di ìlọ́po mẹ́rin. Èyí tí ó dára jù ni pé kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ kí aláìsàn tó fẹnu kan oògùn apakòkòrò, kí wọ́n sì wò ó bóyá kòkòrò yóò hù nínú rẹ̀. Àwọn ilé àyẹ̀wò àdúgbò tí mo lọ kò ṣe èyí rí. Wọ́n á gba ẹ̀jẹ̀ láàárọ̀, wọ́n á kọ táífọ́ọ̀dù lọ́sàn-án, wọ́n á sì ta oògùn nírọ̀lẹ́. Inú ń bí mi sí i títí di òní.

Ewu tí ó wà níbẹ̀ ju owó tí ó ṣòfò lọ. Ciprofloxacin, oògùn apakòkòrò tí wọ́n máa ń fúnni fún ibà jẹ̀funjẹ̀fun lè mú kí kòkòrò ikọ́ ẹ̀gbẹ rọlẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ láìpa á tán. Ara á fúyẹ́, ẹbí á dúpẹ́, àìsàn á tún gbérí, yóò sì wá ṣòro láti rí kòkòrò náà nígbà tí wọ́n bá ń wá a.

Ohun tí ó ń da àwọn dókítà rú ni ojú ibi tí ọgbẹ́ náà wà. Ìparí ìfun kékeré, níbi tí ó ti pàdé ìfun ńlá ní apá ọ̀tún, ni ibà jẹ̀funjẹ̀fun ti máa ń dá ọgbẹ́ sí, débi pé ó lè lu ìfun. Ibẹ̀ náà ni ikọ́ ẹ̀gbẹ inú ìfun ti wọ́pọ̀ jù. Ibẹ̀ náà ni àìsàn Crohn, èyí tí ìfun fi ń wú tí ó sì ń dá ọgbẹ́ láìjẹ́ pé kòkòrò ikọ́ ẹ̀gbẹ ni ó fà á, tí Burrill Crohn àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì ṣàlàyé ní New York ní 1932, sábà máa ń bá jà. Kò sí ẹni tí ó lè fi ọwọ́ tẹ ikùn kí ó mọ èwo ni. Ní ti àwòrán àyà, ọ̀pọ̀ ẹni tí ó ní ikọ́ ẹ̀gbẹ inú ìfun ni àyà wọn mọ́, tí wọn kò sì wúkọ́ rárá. Kòkòrò náà lè bá kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tí a gbé mì tàbí wàrà màlúù tí a kò sè wọ inú ìfun, ó sì lè gba inú ẹ̀jẹ̀ dé ibẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ ṣe àyẹ̀wò kámẹ́rà náà. Oúnjẹ fẹ́ẹ́rẹ́, oògùn tí ń fọ ìfun, abẹ́rẹ́ tí ń múni tòògbé, ìyẹn kò le. Ẹran tí wọ́n bá já nínú ìfun ni kí ẹ ṣọ́. Nígbà tèmi, wọ́n já àwọn ègé tí kò ju ẹyọ ìrẹsì lọ, wọ́n da gbogbo rẹ̀ sínú ìgò kékeré kan tí formalin, omi oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹran jẹrà, wà nínú rẹ̀, wọ́n sì gbé ìgò náà lé ìyàwó mi lọ́wọ́ pé kí ó gbé e lọ sí yàrá àyẹ̀wò fúnra rẹ̀, pẹ̀lú òórùn tí ń ta á lójú. Nígbà tí èsì dé, wọ́n ní àwọn rí granuloma, ìyẹn àwọn ọmọ ogun ara tí ó ṣù jọ sójú kan, èyí tí ó lè wá láti ara ikọ́ ẹ̀gbẹ tàbí Crohn. Dókítà àgbà kan ní Crohn ni, ó sì kọ prednisolone, oògùn tí ń mú kí ara má wú. Dókítà kékeré tí ó dúró tì í ni ó rọra sọ pé tí ó bá jẹ́ ikọ́ ẹ̀gbẹ, oògùn yẹn yóò de àwọn ọmọ ogun ara lọ́wọ́, kòkòrò yóò sì gbilẹ̀. Mo ní kí wọ́n fi ẹran yẹn wá kòkòrò, wọ́n ní kò ṣeé ṣe mọ́, formalin ti pa ohun gbogbo tí ì bá hù. Mo tún náwó, mo tún fọ ìfun, mo sì ti gbẹ nígbà náà débi pé ṣòkòtò kò dúró ní ìdí mi. Kò sí ẹni tí ó tọrọ àforíjì.

Nítorí náà, kí wọ́n tó wọlé pẹ̀lú àbúrò yín, ẹ béèrè fún ìgò méjì: ọ̀kan tí ó ní formalin fún àwọn tí yóò fi ẹ̀rọ amúǹkan-tóbi wo ẹran náà, èkejì tí ó ní omi iyọ̀ tí kò ní kòkòrò, fún GeneXpert, ẹ̀rọ tí ń wá àmì kòkòrò ikọ́ ẹ̀gbẹ, àti fún gbígbìn, ìyẹn kí wọ́n wò ó bóyá kòkòrò yóò hù nínú ẹran náà. GeneXpert tètè máa ń sọ̀rọ̀, ó sì ń sọ bóyá rifampicin, ọ̀kan pàtàkì nínú oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ, yóò ṣiṣẹ́. Gbígbìn lè gba tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ. Òun ni ó mú kòkòrò tèmi. Ṣùgbọ́n tí kò bá rí nǹkan, ìyẹn kò ní kí ikọ́ ẹ̀gbẹ má sí níbẹ̀, nítorí pé kòkòrò inú ìfun kì í pọ̀. Ní Íńdíà, níbi tí wọ́n ti ṣe ìwádìí púpọ̀ lórí bí a ṣe ń ya àìsàn méjèèjì sọ́tọ̀, wọ́n lè fún aláìsàn ní oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ fún oṣù méjì sí mẹ́ta, kí wọ́n tún fi kámẹ́rà wò ó bóyá ọgbẹ́ náà ń jiná.

Ẹ jẹ́ kí ó ṣe àyẹ̀wò HIV pẹ̀lú. Kí ẹnikẹ́ni má sì fún un ní àgbo jẹ̀dí tí ń yàgbẹ́ gidi, nítorí pé ikọ́ ẹ̀gbẹ máa ń mú kí ojú ọ̀nà ìfun há.

Tí ó bá jẹ́ ikọ́ ẹ̀gbẹ ni, oògùn rẹ̀ kì í ṣe títà ní ilé ìwòsàn ìjọba. Oṣù mẹ́fà ni ó sábà máa ń gbà, ìtọ̀ rẹ̀ yóò pọ́n, kò sì léwu. Ṣùgbọ́n tí ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í bì, tí ikùn rẹ̀ wú, tí kò lè yàgbẹ́ tí kò sì lè só, ẹ má dúró de èsì kankan; ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀, kódà kí ó jẹ́ òru, sí ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ abẹ.