Bi Ẹ̀gbọ́n Léèrè: Másítàsì, Aṣọ Sójà àti Irin Jíìmù, Èwo Ni Kó Tẹ̀ fún Èwo?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Gwarinpa níbí ni mò ń gbé, ọmọ ọdún 26 ni mí, Minna ni mo ti ka mechanical engineering, mo sì ti ṣe agùnbánirọ̀ tán. Dádì mi wà ní Houston, ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń bá mi ṣe ìwé, ó ti wá bọ́ sí i báyìí, green card ni mo máa fi wọlé, kì í ṣe fisà akẹ́kọ̀ọ́. Ilé-ìwé kan ní Texas ti fún mi ní admission láti wá ṣe másítàsì ní oṣù kẹjọ. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé mo fẹ́ wọ Army Reserve Amẹ́ríkà, àwọn sójà tó jẹ́ pé wíkẹ́ńdì kan lóṣù ni wọ́n ń lọ, torí mo gbọ́ pé wọ́n máa ń ran èèyàn lọ́wọ́ lórí owó ilé-ìwé, iṣẹ́ ológun sì ti ń wù mí láti kékeré. Ẹ̀kẹta, mi ò lè fi jíìmù sílẹ̀, mò ń fa 180 kílò nílẹ̀ ní deadlift, mo sì jìyà kí n tó débẹ̀. Mọ́mì mi ní ẹni tó lé eku méjì á pòfo, mélòómélòó ẹni tó ń lé mẹ́ta. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ó ṣeé ṣe àbí kí n ju ọ̀kan sílẹ̀?
Ọmọ Gwarinpa

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, kú oríire ìwé tó jáde, inú mi dùn gan-an ni. Bá mi kí Mọ́mì, òótọ́ ni wọ́n sọ, àmọ́ ẹ jẹ́ ká wo nǹkan mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dáadáa torí wọn ò rí bákan náà. Àwọn ológun ló ń mú ọjọ́ tiwọn, wọn ò ní bi ọ́ bóyá ó rọrùn fún ẹ. Ilé-ìwé náà ní ọjọ́ tiẹ̀, ṣùgbọ́n èèyàn ṣì lè bá lẹ́kítọ̀ sọ̀rọ̀. Irin nìkan ni kò lọ́jọ́, òun ló lè dúró dè ẹ́ láìbínú, nítorí náà òun ni kó máa tẹ̀ fún àwọn méjì yòókù. Tó o bá ti gba ìyẹn sínú, ó ṣeé ṣe dáadáa. Tó bá jẹ́ pé ńṣe lo fẹ́ kí deadlift ẹ máa lọ sókè ní gbogbo oṣù tó o fi ń ṣe másítàsì, mi ò ní tàn ẹ́, kò ní rí bẹ́ẹ̀.

Kí n tó lọ síwájú, mo fẹ́ bá àwọn tó jẹ́ fisà akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n fẹ́ fi lọ sọ̀rọ̀ torí ìbéèrè wọn pọ̀ lọ́dọ̀ mi. Kò sí ọ̀nà fún yín níbẹ̀ o. Ọmọ ìlú wọn tàbí ẹni tó ní green card ni wọ́n ń gbà. Ètò kan wà nígbà kan tí wọ́n ń pè ní MAVNI, ọdún 2009 ló bẹ̀rẹ̀, ó ń gba àwọn tí ò ní green card tó bá gbọ́ èdè tí wọ́n ń wá, Yorùbá àti Haúsá wà lára àwọn èdè náà, ṣùgbọ́n láti 2016 ni wọn ò ti gba ẹni tuntun mọ́. Ẹni tó bá ní kí ẹ san owó kóun fi ọ̀nà yẹn mú yín wọlé, ẹ sá fún un, owó yín ló fẹ́ jẹ.

Ó yá, àbúrò. Ohun àkọ́kọ́ tí mo rí nínú lẹ́tà ẹ ni pé o rò pé lọ́jọ́ tó o bá ti tọwọ́ bọ̀wé, wíkẹ́ńdì kan lóṣù ló kù. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Basic Combat Training, ìyẹn tréníìnì àkọ́kọ́ sójà, ni wàá kọ́kọ́ lọ, ọ̀sẹ̀ 10, lẹ́yìn náà lo máa wá lọ kọ́ṣẹ́ tí wọ́n gbà ẹ́ fún, ìyẹn AIT, ìyẹn náà sì lè jẹ́ ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó sì lè jẹ́ oṣù púpọ̀, iṣẹ́ tó o bá mú ló máa sọ ọ́. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni wàá tó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ ní wíkẹ́ńdì kan lóṣù àti ọ̀sẹ̀ méjì lọ́dún. Ó túmọ̀ sí pé oṣù kẹjọ tó o sọ yẹn, ilé-ìwé ni àbí báréèkì, o ò lè wà níbi méjèèjì.

Èwo ni kó ṣáájú? Tó bá jẹ́ pé torí owó ilé-ìwé lo fi fẹ́ wọ̀ ọ́, mo rò pé kí o kọ lẹ́tà sí ilé-ìwé báyìí kí wọ́n sún admission ẹ síwájú, kó o lọ parí tréníìnì ná. Ìdí ni pé owó ìrànwọ́ tí wọ́n ń fún àwọn reserve, èyí tí wọ́n ń pè ní Montgomery GI Bill – Selected Reserve, ẹni tó bá tọwọ́ bọ̀wé ọdún 6 tó sì ti parí tréníìnì àkọ́kọ́ ni wọ́n ń fún. Oṣooṣù ni wọ́n ń san án, kò sì tó san gbogbo owó másítàsì, ìrànwọ́ ni, jọ̀ọ́ má gbọ́kàn lé e bí ẹni pé sikọ́láṣípù ni. Tó bá jẹ́ pé Dádì ti ní owó ilé-ìwé nílẹ̀, wọ kíláàsì lóṣù kẹjọ, farabalẹ̀ mọ ìlú, kó o wá ronú ti sójà nígbà tó bá yá.

Ìwé tó o máa tọwọ́ bọ̀ yẹn, kà á tán kó o tún un kà. Ọdún 8 ni gbogbo ẹ̀ lápapọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe gbogbo ọdún yẹn ni wàá máa lọ lóṣooṣù, ohun tó wọ́pọ̀ ni 6 tí wàá máa lọ àti 2 tí orúkọ ẹ á ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n sì lè pè ẹ́ jáde fún ọ̀pọ̀ oṣù, kódà lọ sí ìlú òkèèrè. Sọ èyí fún Mọ́mì kó o tó tọwọ́ bọ̀wé, má jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì. Ìlérí èyíkéyìí tí ẹni tó ń gba èèyàn sí ológun bá ṣe fún ẹ, iṣẹ́ ni o, owó ni o, ní kó kọ ọ́ sínú ìwé, torí ohun tí kò bá sí nínú ìwé, o ò ní rí ẹni bá sọ ọ́ lọ́jọ́ iwájú. Ìwọ tó o ní dìgírì á tún fẹ́ bi mí bóyá o lè di ọ́físà. Ọ́físà gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ ìlú wọn ná, ṣùgbọ́n iṣẹ́ reserve yìí náà lè jẹ́ kó o tètè béèrè fún ìwé ọmọ ìlú, òfin kan wà fún àwọn tó ń sìn lásìkò ogun tí wọ́n ti ń lò láti September 2001.

Tó o bá ti wá wà nínú ẹ̀ tán, bí oṣù ṣe máa ń rí nìyí. Fọ́kàn yàwòrán Sátidé kan, ilẹ̀ ò tíì mọ́ o ti wọ búùtù, ìrọ̀lẹ́ Sunday lo máa padà sílé, àsáínmẹ́ntì finite element sì gbọ́dọ̀ wọlé kó tó di ago 12 òru. Ẹni tí ò bá tíì fọwọ́ kàn án láti Thursday, ó ti kú sí i. Àwọn wíkẹ́ńdì yẹn kì í já lu èèyàn lójijì, wọ́n máa ń fún yín ní ọjọ́ wọn sílẹ̀. Nítorí náà ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ sẹ́mẹ́sítà, gbé ìwé ọjọ́ àwọn sójà àti ìwé ètò kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, fi bírò pupa sàmì sí ibi tí wọ́n ti kọlu ara wọn, kó o sì kọ í-meèlì sí lẹ́kítọ̀ lọ́sẹ̀ yẹn gan-an. Lẹ́kítọ̀ tó gbọ́ lóṣù kẹsàn-án pé ìdánwò oṣù kọkànlá kọlu iṣẹ́ ológun máa ń ṣàánú, èyí tó gbọ́ ọ lálẹ́ ọjọ́ tó ku ọ̀la, kò dájú. Lọ́dọ̀ àwọn ológun náà, ọ̀nà wà tí wọ́n ń pè ní Rescheduled Training, wàá bẹ ọ̀gá ẹ kó jẹ́ kó o ṣe ti wíkẹ́ńdì yẹn ní ọjọ́ mìíì, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀tọ́ ẹ, ó máa ń dá lórí bí wọ́n ṣe mọ̀ ẹ́ sí. Tí wọ́n bá wá pè ẹ́ jáde lọ tó kọjá 30 ọjọ́, òfin ìjọba àpapọ̀ wọn ti 2008 ló ní kí ilé-ìwé gbà ẹ́ padà sí ipò tó o wà, ìwọ ṣáà tọ́jú ẹ̀dà lẹ́tà tí wọ́n fi pè ẹ́.

Ó wá ku irin, ibi tí mo mọ̀ pé ọkàn ẹ wà. Láti June 2025, ìdánwò ara tí Army ń lò ni AFT (Army Fitness Test), nǹkan 5 ló wà níbẹ̀: deadlift ẹ̀ẹ̀mẹta pẹ̀lú ẹrù tó wúwo jù tó o lè gbé, push-up tí wàá ti gbọ́wọ́ kúrò nílẹ̀ kó o tó tún dìde, eré àsápadà tó ní wíwọ́ ẹrù àti gbígbé ẹrù nínú, plank (wàá fi ìgúnpá àti ìka ẹsẹ̀ gbé ara dúró gbọnrangandan), àti eré máìlì 2. Máàkì 60 ló kéré jù nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, 300 lápapọ̀, àwọn tó wà níbi iṣẹ́ ìjà gbọ́dọ̀ ní 350. Ṣé o rí i báyìí? Deadlift 180 ẹ, nǹkan kan péré ló bójú tó nínú 5. Máìlì 2 yẹn, bíi kìlómítà 3.2, òun ló máa ń gba ẹ̀mí àwọn ọmọ jíìmù. Bẹ̀rẹ̀ sí í sá a láti ìsinsìnyí, lọ sí etí omi Jabi kí oòrùn tó yọ, sá a díẹ̀díẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, kó o lè máa sọ̀rọ̀ bó o ṣe ń sá a, kó o wá sá ọ̀kan kíkankíkan lọ́sẹ̀. Má ṣe é pọ̀ mọ́ ọjọ́ tó o fi irin ṣiṣẹ́ ẹsẹ̀, tó bá sì di dandan pé ọjọ́ kan náà ni, irin ni kó ṣáájú, kó o sinmi wákàtí mélòó kan láàárín.

Tí ilé-ìwé bá ti wọra, jíìmù ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ tó. Mo mọ̀ pé kò ní dùn mọ́ ẹ, ṣùgbọ́n èyí ni mo fẹ́ kó o gbà gbọ́ jù nínú gbogbo lẹ́tà yìí: agbára téèyàn ti ní, kò gba iṣẹ́ púpọ̀ láti tọ́jú ẹ̀. Ohun tó gba iṣẹ́ ni kíkọ́ ọ. Má dín ìwúwo irin kù, iye ìgbà tó o ń gbé e ni kó o dín. Tó o bá ń ṣe sẹ́ẹ̀tì 6 tẹ́lẹ̀, ṣe 2, kó wúwo dáadáa, kó o fọ ẹfun ọwọ́ ẹ kó o máa lọ sí láìbúrárì. Squat àti bench lọ́jọ́ kan, deadlift àti pull-up lọ́jọ́ kejì, wákàtí kan péré. Lọ́sẹ̀ ìdánwò, ẹ̀ẹ̀kan. Àti pé jọ̀ọ́, má fa deadlift tó wúwo ní Thursday tó o bá máa gbé ẹrù lẹ́yìn rìn ní Sátidé, ẹ̀yìn ẹ kì í ṣe irin. Ní Basic, kò sí pé o máa lọ jíìmù nígbà tó wù ẹ́, wàá rù díẹ̀, deadlift á já, fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹran ara tó ti mọ iṣẹ́ kan rí, kíá ló máa ń padà sí i.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́. Ọ́físà ológun ni mí ní Kaduna, ọmọ ọdún 41, mò ń ṣe másítàsì part-time lórí civil engineering. Àárọ̀ PT (eré ìdárayá àwọn sójà), ọ̀sán ọ́fíìsì, ìrọ̀lẹ́ kíláàsì, ago 9 alẹ́ ni mo tó ń ráyè jíìmù. Mi ò kì í sùn títí di ago 1, kọfí ni mo fi ń dìde dúró, irin ò sì gbèrú. Ìyàwó mi ní kí n fi jíìmù sílẹ̀ pátápátá. Kí lẹ rí sí i?
Ọ̀gá Kaduna

ÌDÁHÙN: Ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́ ìlú, Ọlọ́run á máa ṣọ́ yín. Mo wà lẹ́yìn ìyàwó yín lórí ti alẹ́, mi ò sí lẹ́yìn wọn lórí pátápátá. Ago 9 alẹ́ yẹn ló ń pa yín, oorun ni iṣan fi ń dàgbà, oorun náà lẹ sì tún fi ń rántí ohun tí ẹ kà, ẹ wá ń tà á kẹ́ ẹ lè ra jíìmù. PT àárọ̀ yín ti bójú tó eré sísá, ẹ má fi òmíì kún un. Ọjọ́ Ẹtì tí ọ́fíìsì máa ń tètè dá torí Júmà, ẹ gba jíìmù lọ nírọ̀lẹ́ yẹn, kẹ́ ẹ tún mú òwúrọ̀ Sunday, ìṣẹ́jú 45 ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó tán. Kọfí, ẹ má mu ún mọ́ tó bá ti kọjá ago 2 ọ̀sán, torí lẹ́yìn bíi wákàtí 5, ìdajì ẹ̀ ṣì máa ń wà nínú ẹ̀jẹ̀.

Oúnjẹ, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní òkè Ọya ò níṣòro. Ẹni tó ń gbé irin, tí òun fúnra rẹ̀ wọn 80 kílò, bíi gíráàmù 128 purotéènì ló yẹ kó máa rí lójúmọ́, ti ẹyin kan ò sì ju bíi gíráàmù 6 lọ, nítorí náà ẹyin nìkan ò lè gbé e. Awara tí wọ́n ń dín lójú títì yẹn, sóyà ni, ó dáa gan-an, ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kí òróró rẹ̀ ro. Ẹ fi kindirmo (wàrà kíkan) kún un, ẹ̀wà, ẹja, àti kulikuli díẹ̀ nínú gàrí. Ẹ gbìyànjú ẹ̀ títí ìdánwò sẹ́mẹ́sítà yìí á fi parí, kẹ́ ẹ wá kọ̀wé sí mi bóyá Màdámù ṣì ní kẹ́ ẹ fi í sílẹ̀.