Owó Ọjọ́ Kan Tí Alájọ Ń Yọ

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ìyá mi ń ta ẹlùbọ́ ní Bódìjà, n'Ìbàdàn. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń fún alájọ ní 2,000 náírà. Bí oṣù bá parí, alájọ á yọ owó ọjọ́ kan, á kó ìyókù fún wọn, kò sí èlé kọ́bọ̀ kan. Mo ní kí n bá wọn ṣí àkáǹtì sórí fóònù, kí owó wọn máa bímọ díẹ̀díẹ̀. Wọ́n ní n kò mọ ọjà. Ta ló jàre?
Ọmọ Ẹlẹ́lùbọ́

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, nínú oṣù ọlọ́jọ́ 31, ìyá rẹ dá 62,000, ó gba 60,000. Tó bá fi máa pé ọdún, 24,000 náírà ti wọ àpò alájọ. Ó tiẹ̀ tún burú ju bí o ṣe rò lọ, torí owó tí wọ́n dá ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn oṣù kì í pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó padà wálé. Bó bá jẹ́ owó ni alájọ ń tà, a jẹ́ pé ó ń rẹ́ ìyá rẹ jẹ.

Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ń tà. Ọdún 22 ni mo fi ta ike ní Ọjà Ọba. Alájọ mi máa ń dé ní nǹkan bí aago mẹ́rin, nígbà tí ọjà ti tà, tí àwọn ọmọ ò sì tíì ti ilé ìwé dé wá béèrè owó búrẹ́dì. Kí n tó dé báǹkì, mo ní láti palẹ̀ ọjà mọ́, kí n san owó ọ̀kadà àlọ àtàbọ̀, kí n tò sórí ìlà. Oníbàárà tó bá bá ìsọ̀ mi ní títì á yà sí ti aládùúgbò mi, ó sì lè má padà wá mọ́ láéláé. Ìwọ wá díyelé ìyẹn.

Ẹ ṣáà ń sọ fún ọlọ́gbọ́n pé orí ẹ̀ pé bíi ti Alájọ Ṣómólú, tó ta mọ́tò ra kẹ̀kẹ́. Èèyàn gidi ni bàbá náà, ní 2012 ló di olóògbé. Mọ́tò ò lè gba àárín ìsọ̀ kọjá. Kẹ̀kẹ́ ń gbà á.

Ohun kejì, ìyá rẹ ò ní sọ ọ́ fún ọ, torí ìwọ náà wà níbẹ̀. Owó tó bá wà nílé, gbogbo ẹbí ló ni ín. Èyí tó wà lórí fóònù, ọmọ tó ń bá ìyá tẹ fóònù ló kọ́kọ́ ń mọ iye rẹ̀. (Má bínú.) Bí àbúrò ọkọ bá gbé ọ̀rọ̀ owó ilé ìwé dé, ìyá rẹ á ní, "Ó wà lọ́wọ́ alájọ, ó di ìparí oṣù." Kò parọ́, ìjà ò sì sí. Èmi náà ti gbọ́n bíi tìẹ rí: mo pa alájọ tì, mo gba káàdì báǹkì. Gbogbo àǹkárá tó wù mí ni mo rà lọ́dún yẹn. Kí ọdún tó parí, mo ti padà lọ bẹ alájọ.

Káàdì àjọ náà tún ń jẹ́rìí ẹni. Lọ́jọ́ tí ọjà dé láti Èkó tí owó mi ò pé, alájọ ò béèrè fọ́ọ̀mù, kò béèrè onídùúró. Káàdì mi ló wò, ó rí i pé ọdún mẹ́rin ni n kò pa ọjọ́ kan jẹ, ó sì kó owó fún mi.

Síbẹ̀, n kò ní tàn ọ́. Ọ̀kan wà tó kó owó ọdún Kérésì gbogbo ìlà ìsọ̀ wa sá lọ, dòní a ò fojú kàn án. Báǹkì ní NDIC lẹ́yìn, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń dúró fún owó oníbàárà bí báǹkì bá wó, títí dé mílíọ̀nù 5 náírà ní báǹkì ńlá láti 2024. Alájọ ò ní ẹnìkan. Nítorí náà, kí ìyá rẹ máa bá a lọ, ṣùgbọ́n kí wọ́n gba owó wọn lóṣooṣù, kó má ṣe di oṣù méjì lọ́wọ́ rẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n bá gbà á ni kí o wá sọ ọ̀rọ̀ àkáǹtì. Kí wọ́n fúnra wọn sì mú nọ́ńbà àṣírí rẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Iye kan náà ni gbogbo oní-gààrí ń pe kóńgò kan lọ́jà wa. Kí ni wọ́n wá ń jà sí?
Bàbá Ìbejì, Abẹ́òkúta

ÌDÁHÙN: Òkìtì orí kóńgò ni, àti ènì. Iye tí wọ́n ń pè, ẹnu kan náà ni, ẹni tó bá já a wálẹ̀ á gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ọwọ́ tó ń bu gààrí ni kò sí ẹni tó lè ṣọ́. Bí gààrí bá wọ́n, òkìtì ló kọ́kọ́ ń rẹlẹ̀, ènì á tẹ̀ lé e, iye tuntun ló ń dé gbẹ̀yìn. Àwọn kan tún ń lu ìdí kóńgò wọ inú. Kí ẹ tó sanwó, ẹ yí i padà, kí ẹ fọwọ́ kan ìdí rẹ̀.