Òkúta ọwọ́ ọdẹ àtijọ́: báwo la ṣe ń mọ ibi tí ọdẹ náà rìn dé?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi tó ń kọ́ ìmọ̀ ìwalẹ̀pìtàn ní Yunifásítì Ìbàdàn sọ pé òkúta tí àwọn ọdẹ ayé àtijọ́ fi ṣe irinṣẹ́ lè sọ bí ilẹ̀ tí wọ́n ń rìn ṣe fẹ̀ tó. Báwo? — Ìyá ọmọ kan, Bódìjà.

Ìdáhùn: Òótọ́ lọmọ yín sọ, mà. Orísun òkúta náà ni wọ́n kọ́kọ́ ń wá. Obsidian ló rọrùn jù, òkúta dúdú tó ń dán bíi dígí, tí òkè ayọnáyèéfín ń pọ̀ jáde. Ìwọ̀n àwọn èròjà bíi rubidium, strontium àti zirconium inú rẹ̀ sábà máa ń yàtọ̀ láti òkè sí òkè. Wọ́n á fọ erùpẹ̀ ara rẹ̀ kúrò, wọ́n á fi ẹ̀rọ X-ray alágbèéká yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n á wá fi èsì rẹ̀ wé ti òkúta tí wọ́n ṣà lórí òkè kọ̀ọ̀kan. Bí kò bá nípọn tó mìlímítà 2 sí 3, tàbí bí ojú rẹ̀ bá ti jẹrà, èsì lè tàsé. Ní Olorgesailie, ní Kẹ́ńyà, wọ́n rí obsidian tó ti lò tó nǹkan bí 300,000 ọdún, tí orísun rẹ̀ jìnnà tó kìlómítà 25 sí 95.

Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ọ̀nà jíjìn nìkan kò sọ ibẹ̀ di ilẹ̀ wọn, torí èèyàn lè gba òkúta lọ́wọ́ ará ibòmíì. Èéfọ́ òkúta inú àgọ́ ló ń la ọ̀rọ̀ yìí. Bí ìyá òkúta (èyí tí wọ́n ń fọ́ irinṣẹ́ lára rẹ̀), èèpo rẹ̀ àti èérún wẹ́wẹ́ bá wà nínú àgọ́, ó jọ pé àwọn fúnra wọn ló lọ gbé e. Bó bá jẹ́ irinṣẹ́ tó ti parí nìkan, tí wọ́n ti pọ́n títí tó fi kéré, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pàṣípààrọ̀. Ẹ má gbàgbé odò náà: òkúta tí odò yí wá, igun rẹ̀ á ti kú, èèpo rẹ̀ á jọ̀lọ̀. Etí odò ni wọ́n ti ṣa irú èyí, kì í ṣe orí òkè.

Tiwa níhìn-ín le díẹ̀. Ní Ihò Eléérú, lẹ́bàá Ìsàrun, níbi tí awalẹ̀pìtàn Thurstan Shaw ti walẹ̀ ní 1965, òkúta líle tí wọ́n ń pè ní quartz àti chalcedony, tó jẹ́ irú quartz kan, ni àwọn ará àtijọ́ lò. Quartz kún ilẹ̀ wa, ohun tó wà nínú rẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ láti ibì kan sí òmíràn, nítorí náà ẹ̀rọ kì í fi bẹ́ẹ̀ rí i yà sọ́tọ̀. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń wá a: wọ́n á rìn yí àyíká ká, wọ́n á ya gbogbo ibi tí irú òkúta náà ti yọrí sórí máàpù.

Kí ọmọ yín fi asẹ́ oníhò mìlímítà 2 tàbí 3 sẹ́ erùpẹ̀ tí wọ́n bá wà jáde. Ihò tó bá fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, èérún tó yẹ kó sọ̀rọ̀ á bá iyẹ̀pẹ̀ lọ.